Ahọ́n Oníṣúgà àti Igi Àgbáyun

Bàbá àgbà mi lè fi ahọ́n kan ṣúgà onígun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì sọ fún ọ bóyá ilé tó ń jò ni wọ́n kó o sí. N kò sọ àsọdùn. Ojú mi ni ó ṣe é, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ayétòrò, fún ọkùnrin kan tó kó páálí méjì wá láti ọ̀nà Ìjoùn, tó ń búra pé òjò kò kan ẹrù náà rí. Bàbá mú ẹyọ kan, ó fi ahọ́n kàn án, ó gbé e padà sórí tábìlì.

"Òjò pa á," ló wí. "Ẹ sì kó o sí ẹ̀gbẹ́ kẹrosíìnì."

Ọkùnrin náà di páálí rẹ̀ padà, kò jiyàn. Nígbà tó lọ tán, Bàbá fọ ẹnu, ó ní, "Ọkùnrin yẹn kì í ṣe òpùrọ́, ahọ́n ẹ̀ ni ò kàwé."

A sin ín ní oṣù tó kọjá. N kò ní í kọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí n kò sí níbẹ̀ fún èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́fà tó kẹ́yìn ni mo gbé pẹ̀lú rẹ̀. Èmi ni mò ń se oúnjẹ rẹ̀, èmi ni mo sì ń wẹ egbò ẹsẹ̀ rẹ̀ ní àràárọ̀. Nítorí náà, ẹnu rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo mọ̀ dáadáa, àwọn méjèèjì ni mo sì lè jẹ́rìí sí.

Oníṣúgà ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó lọ sí Mẹ́kà, ó dé, wọ́n ṣì ń pè é ní Oníṣúgà, kò sì bínú. Ṣúgà onígun tó ń wá láti ọ̀nà Kútọnu ló fi kọ́lé, òun ló fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì fi ń mu nǹkan gbogbo. Ẹyọ márùn-ún ń wọ inú ife tíì rẹ̀. Mẹ́jọ ń wọ inú àwo ògì. Ó máa ń fi ṣúgà mu omi lásán nígbà tí oòrùn bá mú. Bí àlejò bá wá, tó ní òun kì í mu ṣúgà, ojú Bàbá máa ń yí padà bí ẹni pé wọ́n kọ ìkíni rẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Bọ̀dá Ṣíkírù, kọ́kọ́ mú Rísì ìyàwó rẹ̀ wá sílé, Rísì mu tíì láìfi ṣúgà sí i, nítorí ojú ń tì í láti na ọwọ́. Bàbá wò ó títí tó fi mu ún tán. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bi í pé, "Ìyàwó wa, ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?"

Èèrà ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Wọ́n ń tò lọ sí ibi tó máa ń tọ̀ sí lẹ́yìn ilé. Rísì rí wọn, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì sọ fún mi, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ fún Bàbá. Láàárín ìgbà náà ló fi ẹsẹ̀ òsì kọ òkúta lójú ọ̀nà mọ́sálásí. Egbò kékeré ni, kò ju èékánná lọ. Ó ṣe ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣe ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, egbò náà kò jinná, ńṣe ló ń gbòòrò sí i. Mo mú Bàbá lọ sí ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn kéré lọ́jọ́ orí, ará Ìpókíá ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó gún Bàbá lọ́mọ ìka, ó wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un wò.

"Bàbá, àtọ̀gbẹ ni. Ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ yín."

"Ṣé ṣúgà tí mò ń tà yìí náà ni, àbí òmíràn?"

"Òun náà ni, Bàbá. Bí kò bá wálẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé, dókítà máa gé ẹsẹ̀ yìí." Ó fi ìka hàn án níbi ọrùn ẹsẹ̀. "Láti ibí ni."

Bàbá wo ibi tí ó fi hàn án náà pẹ́. A gun kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́ta padà sílé. Nígbà náà ló wá tẹ orí sún mọ́ mi.

"Sàfù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Ta ló máa ra ṣúgà lọ́wọ́ ẹni tí ṣúgà gé lẹ́sẹ̀?"

Ó búra fún mi lọ́jọ́ náà pé òun ti fi í sílẹ̀. Mo gbà á gbọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kejì, a lọ kírun, èmi wà lẹ́yìn láàárín àwọn obìnrin. Bí wọ́n ṣe sọ fún mi lẹ́yìn náà, bí Bàbá ṣe fi orí kanlẹ̀ ni èèrà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára fìlà rẹ̀. Wọ́n tò lọ sórí ẹní, wọ́n sì kọjá sí iwájú Álúfà àdúgbò wa tó ń kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹyọ ṣúgà mẹ́ta ló wà nínú ìṣẹ́po fìlà náà. Nígbà tí ìrun parí, Álúfà rọra ní, "Oníṣúgà, èèrà ń ti inú fìlà yín bọ̀ o." Bàbá kò tilẹ̀ fọwọ́ kan fìlà.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀," ló wí. "Jímọ̀ ni àwọn náà wá kí."

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Bọ̀dá Ṣíkírù pe ìpàdé ẹbí sí pálọ̀. A fi wákàtí méjì sọ̀rọ̀. A fẹnu kò pé Bàbá kò lè gbé láìsí ohun dídùn lẹ́nu, nítorí náà a gbọ́dọ̀ wá ohun mìíràn tó máa dùn tí kò sì ní í jẹ́ ṣúgà, kó sì jẹ́ láti ara ewéko, nítorí ohun tó bá ti hù láti ilẹ̀ kò lè pa èèyàn. Rísì ló sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, gbogbo wa sì mi orí, àwa tí a mọ̀ pé láti ara ìrèké ni ṣúgà ti ń wá. Bàbá wà nínú yàrá rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Kò sẹ́ni tó rántí láti pè é.

Láti ọjọ́ náà, ilé wa di ibi ìdánwò, ahọ́n Bàbá sì ni olùdánwò.

Bọ̀dá Ṣíkírù fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ já ìpinnu ìpàdé. Hóró funfun wẹ́wẹ́ ló mú wá láti Èkó, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe, tí wọ́n ń tẹ̀ jáde látinú ike kékeré. Kò sí ewéko kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ewé aláwọ̀ ewé kan wà lára ike náà. Bàbá fi ẹyọ kan sínú tíì, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ife sílẹ̀. Ó jókòó fún ìgbà díẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ.

"Mo ti lá páànù rí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé," ló wí. "Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti ń tà á."

Lẹ́yìn èyí ni Rísì lọ sí gáréèjì, níbi tí ọkùnrin kan ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó ìyẹ̀fun kan tó pè ní ṣúgà ewéko. Ọkùnrin náà sọ pé ewé mọ́kànlá ló para pọ̀ nínú rẹ̀, pé ó ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ̀yìn ríro àti àìríṣẹ́ṣe. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí eruku ojú ọ̀nà Jọ́gà. Rísì ra ọ̀rá méjì. Bàbá bu díẹ̀ sórí ahọ́n, inú rẹ̀ sì dùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó tún bu díẹ̀ sí i. Mo rò pé a ti rí i.

"Rísì, o ṣeun gan-an," ló wí. "Ṣúgà ni èyí. Kì í ṣe ìbátan ẹ̀ o, òun gan-an ni wọ́n lọ̀, tí wọ́n po ewé mọ́. Mo mọ ẹni tó ta á fún ọkùnrin yẹn. Èmi ni."

Ìgbà kẹta, Bọ̀dá Ṣíkírù ní kí ẹnìkan bá òun ra ìgò omi ewé dídùn kan bọ̀ láti Kútọnu. Ewé tòótọ́ ni èyí, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ìgò. Bàbá gbọ́ Faransé díẹ̀, èyí tó fi ń rajà. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lápá òkè.

"*Sans sucre*," ló kà. Ó wo ọmọ rẹ̀. "Ṣíkírù, àwọn tó ṣe é ti sọ fún wa pé kò sí ṣúgà níbẹ̀. Kí la tún ń wá?"

Ó ṣáà tọ́ ọ wò. Ó ní ó ń dùn bí ó bá ń wọlé, ó ń korò bí ó bá fẹ́ lọ, ó sì ń pẹ́ kó tó lọ.

Ti Álúfà ló kẹ́yìn. Dàbínù ló mú wá, tó tóbi, tó rọ̀, ó sì ní kí Bàbá máa jẹ ẹyọ mẹ́ta lóòjọ́. Ìbùkún wà nínú èso náà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n Bàbá kò jẹ mẹ́ta. Nígbà tí mo kó kóró dàbínù jọ lábẹ́ ibùsùn rẹ̀, mo kà á: mọ́kànlélógójì. Nígbà tí a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì pe nọ́ọ̀sì kejì láti wá wo ẹ̀rọ náà. Oṣù méjì ti lọ nínú mẹ́ta. Ọmọ ìka tó kéré jù lára ẹsẹ̀ òsì ti ń dúdú, òórùn egbò náà sì ti ń wọ aṣọ mi bí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán.

"Bàbá, mélòó ni ẹ jẹ?"

"Ìbùkún ni mò ń jẹ, ọmọ mi. Mi ò kà á."

Ibí yìí ni mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ ìjà rẹ̀, nítorí òun ni gbogbo nǹkan yí lé lórí.

Ìyá Ẹ́sítà ló ń gbé ní ojúlé kejì. Ológì ni, onígbàgbọ́ ni, ó sì fi bí ọdún méjì dàgbà ju Bàbá lọ. Igi àgbáyun kan wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ kọjá sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí kò bá mọ àgbáyun, èso pupa kékeré ni, kò ju ọmọ ìka lọ. Òun fúnra rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá jẹ ẹyọ kan, tí o yí i lẹ́nu dáadáa, ohun kíkan tí o bá fi tẹ̀ lé e á dùn bí oyin. Òronbó wẹ́wẹ́ á dùn. Ògì tó ti kan á dùn. Nígbà tí Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù, èrò rẹ̀ ni pé ẹni tó bá ra ògì lọ́wọ́ Ìyá Ẹ́sítà á yà lọ́dọ̀ òun ra ṣúgà. Àṣé Ìyá Ẹ́sítà ń fi àgbáyun kọ̀ọ̀kan ṣe èènì fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n á ra ògì, wọ́n á gba èènì, wọ́n á sì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá láìwo ẹ̀gbẹ́.

Bàbá fara dà á fún ọdún kan. Lọ́jọ́ kan ó mú àdá, ó gé gbogbo ẹ̀ka tó kọjá sí ọ̀dọ̀ wa, pẹ̀lú èso rẹ̀, ó sì dáná sun ún. Ó wá mọ ògiri bíríkì dí ọ̀nà tó wà láàárín ilé méjèèjì. Láti ìgbà náà, tí mo fi dàgbà tí irun mi ń funfun, wọn kò kí ara wọn. "Obìnrin ògì yẹn" ni Bàbá ń pè é. Nígbà tí mo bi í rí pé kí ni igi náà ṣe, ohun tó sọ ni pé, "Igi tó ń purọ́ fún ahọ́n ni. Èmi kì í bá òpùrọ́ pààlà."

Èmi ni mo rántí àgbáyun. N kò sọ ọ́ ní ìpàdé ẹbí, nítorí n kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Mo sọ ọ́ fún un ní òwúrọ̀ kan tí mò ń wẹ egbò náà, láìgbé ojú sókè. Ó jẹ́ kí n di báńdéèjì tán ná.

"Lọ tọrọ ẹ̀," ló wí. "Má sọ pé èmi ni."

Mo lọ. Ìyá Ẹ́sítà ń sẹ́ ògì lórí àpótí, ó gbọ́ mi tán, ó fún aṣọ asẹ́ náà dáadáa.

"Sàfù, mi ò bá ìwọ jà rí. Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́?"

N kò lè purọ́ fún un. Ògiri ni mo wò.

"Bí a bá já a, kì í pẹ́ bàjẹ́," ló wí. "Abẹ́ igi ló ti dára jù. Sọ fún un pé ẹni tó gbé àdá wá nígbà yẹn ni kó gbé ẹnu wá."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rán mi gẹ́lẹ́. Bàbá gbọ́ ọ, ó yíjú sí ògiri. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wà bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, bí mo ṣe tú báńdéèjì, ó na ọwọ́, ó fi ìka tẹ ọmọ ìka dúdú náà. Kò mọ̀ ọ́n lára. Ó tún un tẹ̀.

"Bá mi mú ọ̀pá mi," ló wí.

Bí kì í bá ṣe ògiri náà ni, ìrìn ogún ẹsẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ògiri, ó sì mọ ọ́n dáadáa, nítorí náà a ní láti jáde sí títì, kí a gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí a kọjá níwájú mọ́sálásí, kí a tó yà sí ọ̀nà ilé Ìyá Ẹ́sítà. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ọjọ́ ọjà sì ni. Gbogbo ẹni tí a pàdé ló kí i, tí wọ́n sì bi í léèrè ibi tó ń lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ báyìí. Ó dúró dá ẹnì kọ̀ọ̀kan lóhùn. "Mò ń lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ẹ́sítà," ló ń wí. Orúkọ náà ṣòro fún un ní ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tó di ìgbà kẹfà, ó ti já geere.

Ìyá Ẹ́sítà kò dìde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ẹ́sítà."

"Ta ni yẹn? Ojú mi ò ríran tó mọ́. Ó jọ ẹnìkan tó ní ògiri."

"Èmi ni."

"Ẹ kú ìrìn. Ọ̀nà ti jìn jù bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, àbí?"

"Èmi ni mo sọ ọ́ di jíjìn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọ̀pá mú. "Ìyá Ẹ́sítà, mo gé igi yín. Igi náà kò ṣẹ̀ mí. Mo jẹ̀bi."

Obìnrin náà wò ó, ó wo báńdéèjì, ó wá dìde, ó ti àpótí tó jókòó lé sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lọ já ẹyọ méjì. Ó po ògì ọjọ́ kẹrin, èyí tó kan débi pé òórùn rẹ̀ ń ta mí nímú, kò fi nǹkan kan sí i. Bàbá jẹ àgbáyun náà, ó yí i lẹ́nu, ó tu kóró rẹ̀, ó sì gbé ògì sẹ́nu. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó mu ún dé ìsàlẹ̀ ife, ó sì wo inú ife náà.

"Èyí ni mo fi gbogbo ayé mi bá jà," ló wí.

"Ẹ ò tọ́ ọ wò rí?"

"Ọjà ni mò ń wò."

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, Bàbá jẹ àgbáyun kan, ó fi tíì lásán tẹ̀ lé e. Tíì náà kò yàtọ̀ sí omi. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì pariwo lókè ògiri pé ayédèrú ni wọ́n fún òun. Ìyá Ẹ́sítà dáhùn láti òdìkejì pé tíì kò kan, kí ni kí àgbáyun ṣe fún un. Bàbá ní òun kò mọ̀ pé ó ń yan ẹni tó ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá Ẹ́sítà ní òun náà ń yàn.

Ti Rísì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà tó ti fẹ́ Bọ̀dá Ṣíkírù, Bàbá kò tíì yin ọbẹ̀ rẹ̀ rí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bàbá ti ọ̀dọ̀ Ìyá Ẹ́sítà dé, ó bu ọbẹ̀ tòmátì kan tó wà nínú ìkòkò, ó jẹ ẹ́ tán, ó sì pe Rísì. "Ìyàwó wa, ọbẹ̀ yìí ni kí o máa sè." Omi bọ́ lójú Rísì. Èmi ni mo wá ṣí ìkòkò náà. Ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni, ó ti kan, ó ń hó láìsí iná. N kò sọ fún Rísì. Bàbá lo òru náà ní ilé ìgbẹ́, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, dókítà gé ọmọ ìka dúdú náà, ó sì fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ọ̀sì ará Ìpókíá yẹn kò jẹ́ kí a gbéra ga. "Kì í ṣe èso yẹn ló ṣe é o," ló wí. "Ṣúgà tí Bàbá ò lá mọ́ ni, àti oògùn ọsibítù tí wọ́n ń lò, àti egbò tí ẹ̀gbọ́n ń wẹ̀. Ògì náà, ife kan ti tó." Bàbá gbà. Ó ta ṣúgà títí dé òpin, fún ọdún mẹ́rin sí i, kò fi kan ahọ́n mọ́. Bí oníbàárà bá bi í pé ṣé ó dùn, á ní, "Wọ́n ní ó dùn."

Bí èso igi náà bá wà, ó máa ń lọ jókòó lábẹ́ rẹ̀ ní òwúrọ̀, wọ́n á sì máa bá ara wọn jiyàn nípa iye ọjọ́ tó yẹ kí ògì fi kan. Kò wó ògiri náà. Ó ní ìrìn náà dára fún ẹsẹ̀ òun.

Ó kú ní ọjọ́rú kan lẹ́yìn ìrun Àsárì, lórí ẹní ìrun rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni a sin ín. Ní àgbàlá, mo gbọ́ tí Bọ̀dá Ṣíkírù ń sọ fún àwọn èèyàn pé omi ewé Kútọnu ló gba ẹsẹ̀ Bàbá là. Rísì ń sọ pé oúnjẹ ni. Álúfà ní dàbínù ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo lọ sí ojúlé kejì láti lọ kí Ìyá Ẹ́sítà, mo sì bi í pé ṣé kò ní wá sọ ipa tirẹ̀.

Ó ń sẹ́ ògì, kò dá iṣẹ́ dúró.

"Èmi ò ní ipa kankan," ló wí. "Igi ló so, èmi já a. Ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gé yẹn, òun ló fi rìn wá."